Omi Gbígbóná Abẹ́ Ilẹ̀: Bí Ooru Àjùmọ̀lò Ṣe Dé Peckham, àti Ohun Tí Ó Kan Ìjẹ̀bú Nínú Rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ olótùútù ń gbà mú ilé wọn móoru. Nínú èkíní, onílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tó fi ń se omi tirẹ̀. Nínú èkejì, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń se omi fún gbogbo àdúgbò, tí omi náà yóò sì gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé gbogbo, tí yóò fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ lára irin fẹlẹfẹlẹ tó wà lára ògiri yàrá, tí yóò sì gba páìpù mìíràn padà síbi tó ti wá kí wọ́n lè tún un sè. Ọ̀nà kejì yìí ni a ó máa pè ní ooru àjùmọ̀lò níhìn-ín. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ògùn Waterside, níbi tí ọyẹ́ kì í pẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ri irú páìpù bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará ibẹ̀, nítorí pé ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí Peckham wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ètò ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé nínú àwọn ará Southwark tí a bí sí òkè òkun, àwọn tí a bí ní Nàìjíríà ló pọ̀ jù.

Ará Amẹ́ríkà kan, Birdsill Holly, ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀nà yìí di òwò, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oru omi ránṣẹ́ sí ilé àwọn oníbàárà ní ìlú Lockport, ní ìpínlẹ̀ New York, ní ọdún 1877. Oru omi ni ohun funfun tí ń ti abẹ́ ọmọrí ìkòkò jáde nígbà tí omi bá hó. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó ń ba páìpù jẹ́, ó sì ń bó ara ènìyàn bó bá jò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó dé lẹ́yìn Holly fi yan omi gbígbóná dípò rẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ogun àgbáyé kejì ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Bọ́ǹbù ti wó ilé púpọ̀ ní àdúgbò Pimlico, ìjọba ìbílẹ̀ Westminster sì pinnu láti kọ́ ẹ̀síteètì ńlá kan síbẹ̀, Churchill Gardens, tí Philip Powell àti Hidalgo Moya ya àwòrán rẹ̀. Ní ìkọjá odò Thames, ní ọ̀kánkán ibẹ̀ gan-an, ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Battersea wà, tí ń jó èédú láti fi ṣe iná mànàmáná. Nínú ooru tó wà nínú èédú náà, èyí tó ń di iná kò tó ìdajì. Èyí tó kù ń bá omi tí wọ́n fi ń tu ẹ̀rọ lára ṣàn padà sínú odò. Ooru tí odò ń gbé lọ lọ́fẹ̀ẹ́ yìí ni àwọn ará Pimlico gbà lọ́wọ́ odò: wọ́n gbé páìpù gba inú ihò abẹ́ Thames kọjá, nígbà tó sì di ọdún 1950, ilé Churchill Gardens ti bẹ̀rẹ̀ sí í móoru láti ara omi Battersea. Wọ́n tún kọ́ ilé gogoro kan, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 41, tí wọ́n fi gíláàsì bò lára, láti máa tọ́jú omi gbígbóná pamọ́ sínú rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ọlọ́mọ ń fi fúláàsì tọ́jú omi ògì ọmọ, nítorí pé wákàtí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe iná púpọ̀ àti wákàtí tí àwọn ènìyàn fẹ́ wẹ̀ kì í fìgbà gbogbo bára mu.

Lẹ́yìn ọdún méjì péré ni ohun tó fi ọgbọ́n iṣẹ́ náà hàn ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú láti ilé-iṣẹ́ àti láti inú ààrò ilé dàpọ̀ mọ́ kùrukùru, ó sì bo Lọ́ńdọ̀nù fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní ọdún 1956. Ilé tó ń gba omi gbígbóná láti inú páìpù kò ní ààrò tí yóò máa rú èéfín. Nígbà tí wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ Battersea pa pátápátá ní ọdún 1983, ooru Pimlico kò kú, nítorí pé ìjọba ìbílẹ̀ fi ẹ̀rọ tuntun tó ń lo gáàsì rọ́pò rẹ̀, páìpù kan náà sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni agbára ètò yìí wà: páìpù kò bèèrè ẹni tó se omi tàbí ohun tó fi sè é.

Southwark tòní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1965, nígbà tí òfin da Southwark àtijọ́, Bermondsey àti Camberwell, tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀, pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ kan. Àwọn ìjọba náà ti ń wó àdúgbò jákujàku, wọ́n sì ń fi ilé alájà púpọ̀ rọ́pò wọn. Níwọ̀n bí ìjọba ti jẹ́ onílé àti onílẹ̀, kò nílò láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbẹ́ ilẹ̀. Ilé ìsemi kan ni wọ́n ń kọ́ fún ẹ̀síteètì kan. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú gbàù nínú ilé Ronan Point, ilé alájà 22 kan ní Newham, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Igun kan ilé náà wó lulẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń kọ gbígbé gáàsì wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pákó kọ́ńkéré to, tí ìdí láti se omi sí ìta ilé sì wá lágbára sí i. Ọ̀ràn náà kò tíì di ìtàn: ní ọdún 2017, Southwark ní láti gé gáàsì kúrò nínú ilé gogoro mẹ́rin ní ẹ̀síteètì Ledbury, lẹ́bàá Old Kent Road, nítorí àìlera irú ilé bẹ́ẹ̀. Lónìí, nǹkan bí 17,000 ilé ló ń gba ooru àjùmọ̀lò ní Southwark.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SELCHP, tó ń jó pàǹtírí láti fi ṣe iná mànàmáná ní Deptford láti ọdún 1994, yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Ooru àti iná jọ wà nínú orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ogún ọdún, iná nìkan ló ń tà. Ooru rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹ̀síteètì tó wà nítòsí rẹ̀ ń ra gáàsì láti se omi. Ìgbà tí Southwark àti ilé-iṣẹ́ Veolia tó ń darí rẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn, tí wọ́n sì ri páìpù tó tó kìlómítà márùn-ún, ni nǹkan bí 2,500 ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í móoru láti ara ìdọ̀tí. Ogún ọdún ti pọ̀ jù fún ohun tí kò ju páìpù kìlómítà márùn-ún lọ.

Ètò ooru àjùmọ̀lò ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ ilé ìsemi kan bá dákẹ́ nínú òtútù oṣù Kìíní, gbogbo ẹ̀síteètì ni yóò gbọ̀n pọ̀. Páìpù tí wọ́n rì ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ti ń dípẹtà, ó sì ń jò. Ayálégbé kò sì lè kọ ẹni tó ń fún un ní ooru sílẹ̀ kó lọ bá ẹlòmíràn. Nígbà tí owó gáàsì fò sókè ní ọdún 2022, òté tí ìjọba fi lé owó iná àti gáàsì àwọn onílé kò dáàbò bo àwọn oníbàárà ooru àjùmọ̀lò. Òfin agbára ti ọdún 2023 ló fi wọ́n sábẹ́ ìṣọ́ Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso òwò iná àti gáàsì. Ó pẹ́ kó tó dé.

Fún ará Ìjẹ̀bú, apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé páìpù tó ń gbé ooru lè gbé òtútù. Ní Paris, láti ọdún 1991, omi tútù láti ibùdó kan ń tu ilé púpọ̀ lára, tó fi dé ilé ọnà Louvre. Ní Toronto, láti ọdún 2004, omi tútù ìsàlẹ̀ adágún Ontario ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀sà Ògùn Waterside kò tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò lè tu ilé lára fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ooru lára ẹ̀rọ amúǹkan-tutù ńlá kan. Irú ẹ̀rọ kan sì wà tó jẹ́ pé ooru gan-an ló fi ń ṣe òtútù. Iwopin ní Ògùn Waterside, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti dá iṣẹ́ bébà sílẹ̀ tí kò sì parí rẹ̀, ìbá ní irú ooru bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, torí pé oru omi ni wọ́n fi ń gbẹ bébà. Àṣẹ́kù rẹ̀ ìbá sì fún àwọn apẹja etí ọ̀sà ní yìnyín.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Olabisi Onabanjo ti wà láti ọdún 1982, ẹ̀rọ amúlétutù kọ̀ọ̀kan ń dá fa iná lára ògiri ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́yìn ilé. Ọjà ni a lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo òtútù ní àjùmọ̀lò, nítorí pé nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni iṣẹ́ ọjà, ilé ìpẹran àti ìkólẹ̀. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti darí ọ̀rọ̀ iná fúnra wọn. Bí Southwark ṣe ni ilé ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣe ni ọjà. Nítorí náà, kí àwọn tó wà ní ipò ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Àbígí, olú ìlú Ògùn Waterside, má ṣe kọ́ ọjà tuntun kankan mọ́ láìkọ́kọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àwòrán rẹ̀ fún ilé òtútù kan ṣoṣo tí gbogbo aláta, ẹlẹ́ja àti ẹlẹ́ran yóò jọ máa lò, àti fún páìpù tí yóò ti ibẹ̀ lọ sí ilé ìpẹran.