Níbo ni Ìdọ̀tí Ilé Wa ń Lọ?

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà tí ẹ ń kàwé ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ bo imú. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí a bá ti di ìdọ̀tí sínú ọ̀rá, tí a sì ti gbé e dé ìkóríta, ó bùṣe. Kò bùṣe rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ìrìn-àjò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè padà wá bá wa nínú ilé gẹ́gẹ́ bí àgbàrá, bí àìsàn tàbí bí èéfín.

Ààtàn àná àti ààtàn òní

Ní ayé àwọn bàbá wa, ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn máa ń wà. Kí ni wọ́n ń dà síbẹ̀? Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, eérú àti pàǹtí ojúlé. Ewúrẹ́ àti adìẹ a kọ́kọ́ jẹ tiwọn níbẹ̀; èyí tó kù a jẹrà, ilẹ̀ ibẹ̀ a sì lọ́ràá débi pé ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ a máa lalẹ̀ hù láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Eérú pàápàá kì í ṣòfò, nítorí òun ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àlòtúnlò jẹ́ àjèjì sí Yorùbá, kò mọ ìtàn ni.

Ohun tó yí padà ni irú ẹrù tí à ń dà nù. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike, agolo àti ìgò kì í jẹrà bí èèpo iṣu. Ààtàn àná ń jẹrà wọlẹ̀. Ti òní ń ga sí i ni.

Ohun tí Èkó fojú rí

Ẹ jẹ́ kí á fi Èkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìlú náà ti gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà, a sì lè fi tirẹ̀ kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 1981, nígbà tó sì di 1991, ó di LAWMA tí a mọ̀ títí dòní. Nígbà tó yá, ìjọba rí i pé òun nìkan kò lè dá a ṣe, wọ́n sì pe àwọn aládàáni sí i. Àwọn ni ará Èkó ń pè ní PSP.

Báyìí ni ètò náà ṣe ń lọ: wọ́n pín ìlú sí àdúgbò-àdúgbò, wọ́n sì fún aládàáni kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wá kó ìdọ̀tí lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ilé kọ̀ọ̀kan náà sì gbọ́dọ̀ máa san owó tí wọ́n bù fún un.

Ètò yìí dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n owó tí onílé ń san ni aládàáni fi ń ra epo, òun ló fi ń tún ọkọ̀ ṣe, òun náà ló sì fi ń san owó òṣìṣẹ́. Bí ilé mẹ́wàá bá wà lójúlé kan, tí mẹ́rin péré ń san, ọkọ̀ kò ní lè wá déédéé. Bí ọkọ̀ kò bá sì wá, àwọn mẹ́rin tó ń san pàápàá á ní kí ni àwọn ń sanwó sí. Ni oníkálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í da tirẹ̀ sí gọ́tà lóru. Onílé ní ọkọ̀ kò wá; ọlọ́kọ̀ ní owó kò wọlé. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́.

Ní 2017, ìjọba Èkó gbé ètò mìíràn jáde, wọ́n sì fẹ́ fi ilé-iṣẹ́ tuntun kan rọ́pò àwọn PSP nídìí ìdọ̀tí inú ilé. Awuyewuye bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, nígbà tó sì di 2018, òkìtì ìdọ̀tí ti gba ojú pópó ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Nígbẹ̀yìn, àwọn PSP padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ tuntun nìkan kò tó. Ẹni tó mọ kọ̀rọ̀ àdúgbò, tí àdúgbò náà sì mọ̀ ọ́n, kò ṣeé tì sẹ́yìn lọ́jọ́ kan.

Ibo wá ni ọkọ̀ ń da ẹrù rẹ̀ sí? Ààtàn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Olúṣosùn ní Òjótà, tí wọ́n ṣí ní 1992, tó sì fẹ̀ tó héktà 42. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n fi í sí, kí ilé tó yí i ká. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, iná sọ níbẹ̀, èéfín rẹ̀ sì da àwọn ará àdúgbò láàmú. Kò yani lẹ́nu. Oúnjẹ tó ń jẹrà lábẹ́ òkìtì, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, máa ń mú gáàsì tó lè gbiná jáde. Ìdọ̀tí tí a rò pé ó ti kú, kò kú.

Bí àlòtúnlò ṣe ń lọ

Gbogbo wa la ti rí àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí àwọn Haúsá ń pè ní baban bola. Wọ́n ń ra irin, agolo, ike àti bátìrì ọkọ̀. Wọn a tà á fún alágbàtà tó ní òṣùwọ̀n; alágbàtà a kó o jọ títí yóò fi kún ọkọ̀, a sì tà á fún ilé-iṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ike, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ. Ó lè di òwú aṣọ, ó sì lè di ike mìíràn. Ní ti agolo alumíníọ̀mù, iná tí wọ́n fi ń yọ́ àlòkù rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 èyí tí wọn ìbá lò láti fi ṣe tuntun láti inú òkúta.

Nínú gbogbo ìrìn yìí, inú ilé wa ni ọwọ́ ti ń bàjẹ́ jù. Bí a bá da ìwé, ọbẹ̀ àti ike pọ̀ sínú ọ̀rá kan, ìwé bàjẹ́, ike dọ̀tí, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ohun tí Bilikiss Adébíyìí-Abíọ́lá rí nìyí tó fi dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó ní 2012. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Wọ́n ń wọn ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ṣà sọ́tọ̀, wọ́n ń fi máàkì ránṣẹ́ sórí fóònù onílé, onílé a sì fi máàkì náà gba nǹkan ìlò ilé. Bákan náà, ní 2019, ìròyìn kàn nípa ilé-ìwé kan ní Ajégúnlẹ̀ tí àwọn òbí ti ń fi ike dí owó ilé-ìwé ọmọ wọn. Ike tí ẹnìkan sọ sí gọ́tà ni ẹlòmíràn fi rán ọmọ nílé-ìwé.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ọmọ Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó dí ojú odò wà lára ohun tó dá omi padà sínú ilé. Ẹ jẹ́ kí á tún wo ìhà ibí: ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní 1969. Eku ló ń gbé e kiri, oúnjẹ tí a dà sílẹ̀ láìbò ló sì ń pe eku wálé. Bí ẹ̀gbin bá ṣàn wọ kànga, onígbáméjì ti dé nìyẹn. Àwọn tó ní kí á kúkú sun ún ńkọ́? Èéfín ọ̀rá àti ike kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wà níkàáwọ́ wa

A kò ní ọkọ̀, a kò sì ní ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n a ní ọwọ́. Àwa tí a jọ ń gbé ilé kan náà lè ní ohun ìdalẹ̀nù méjì: ọ̀kan fún oúnjẹ àti èèpo, kí á máa bò ó, èkejì fún ike, agolo àti ìwé gbígbẹ. Ẹni tó bá mu ohun ẹlẹ́rìndòdò, kó ṣan ìgò rẹ̀ kó tó sọ ọ́ síbẹ̀. Bí owó ìdọ̀tí bá wà lára ohun tí ilé ń dá, kí á san án lásìkò, lẹ́yìn náà la óò lẹ́nu láti béèrè ìdí tí ọkọ̀ kò fi wá.

Ní ti baban bola, àwọn kan nínú wa ń pè wọ́n ní olè, nítorí ìkòkò tàbí irin tó sọnù rí. Ọ̀nà àbáyọ kì í ṣe èébú. Kí ilé mú ẹnìkan tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó ń wá, kí wọ́n sì máa bá a dúnàádúrà bí ọmọlúàbí. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún àdúgbò, ọ̀pọ̀ wa ni kò ní lè ṣe é.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ohun tí a bá dà síwájú ilé náà ni a óò tẹ̀ bí òjò bá dé. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá wa.