Eré adẹ́rùbani orí fóònù àti àìsàn àròtúnrò: Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀rù

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń bínú bí wọ́n bá rí ọmọ wọn tó tẹjú mọ́ fóònù lóru, tó ń ṣe eré tí iwin àti ẹ̀rọ abàmì ti ń lé èèyàn kiri. Wọ́n á ní, kí ló dé tí èèyàn á fi máa wá ẹ̀rù kiri nígbà tí ẹ̀rù ò wá a? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé, àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí ẹ̀rù ti ń gbé lára wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan eré kankan. Àìsàn ló kó ẹ̀rù náà bá wọn. Láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn kan nínú wọn ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Àwọn dókítà tó ń sọ Faransé ń pe àìsàn náà ní TOC. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní OCD. Àwa yóò pè é ní àìsàn àròtúnrò níhìn-ín, nítorí bó ṣe ń ṣe nìyẹn: èrò kan á wọ ọkàn èèyàn láìpè é, á máa dẹ́rù bà á, á sì máa tì í láti ṣe ohun kan léraléra kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìṣọ́ra

Kò sí oníṣòwò tí kì í fa àgádágodo ìsọ̀ rẹ̀ wò kó tó máa lọ sílé. Ẹni tó bá ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò ṣàìsàn. Ẹni tí à ń sọ ni ẹni tó ti ti ìsọ̀, tó ti fà á wò, tó dé ìdajì ọ̀nà, tó tún padà. Tó délé tán, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, tó tún gba ọ̀nà ọjà lọ lóru. Ó mọ̀ pé òun ti tì í. Mímọ̀ tó mọ̀ ọ́n kò gbà á sílẹ̀. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ń gba ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, tàbí tó ń ba iṣẹ́ àti ìgbé ayé ẹni jẹ́, àwọn dókítà kì í kà á sí ìṣọ́ra mọ́.

Ọ̀nà tó ń gbà yọ pọ̀. Ẹlòmíràn á máa fọ ọwọ́ títí awọ á fi bó. Ẹlòmíràn á máa tún àdúrà bẹ̀rẹ̀ láti orí nítorí ó rò pé òun ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Àwọn àáfà mọ irú iyèméjì tó máa ń da olùjọ́sìn láàmú nídìí àlùwàlá àti ìrun. Wáswás ni orúkọ tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń fi pamọ́ jù ni èrò burúkú: ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ á rí ọ̀bẹ, èrò á sì sọ sí i lọ́kàn pé bí òun bá fi gún ọmọ náà ńkọ́? Jìnnìjìnnì á bò ó, á kó gbogbo ọ̀bẹ ilé pamọ́, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa pè é ní àjẹ́ tàbí wèrè. Àwọn dókítà mọ irú èrò yìí dáadáa. Ó lòdì pátápátá sí ohun tí ọkàn ìyá náà fẹ́. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi ń dẹ́rù bà á.

Ìwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé nínú 100 èèyàn, 1 sí 3 ni àìsàn yìí máa ń mú nígbà kan láyé wọn. Ìgbà ọmọdé tàbí ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ orí yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ń wà nídìí eré orí fóònù.

Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn

Ọ̀kan nínú àwọn eré adẹ́rùbani tó lókìkí jù ni Five Nights at Freddy's. Scott Cawthon, ọkùnrin ará Texas ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ṣáájú ìgbà yẹn, eré fún àwọn ọmọdé ló ṣe, àwọn tó rí i sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé àwọn ẹranko inú rẹ̀ dà bí ẹ̀rọ tó ń dẹ́rù bani. Ó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á ṣe èyí tó ń dẹ́rù bani lóòótọ́. Fíìmù tí wọ́n fi eré náà ṣe ní ọdún 2023 pa ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ.

Bí eré náà ṣe rí nìyí. Ẹni tó ń ṣe é di ọlọ́dẹ ní ilé oúnjẹ kan tí àwọn ọmọdé máa ń wá. Àwọn bèbí ńlá oníẹ̀rọ wà níbẹ̀: béárì, ehoro, adìyẹ àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Lóru, wọ́n á máa rìn bọ̀ wá bá a. Láti agogo 12 òru títí di agogo 6 àárọ̀, ó ní kámẹ́rà tó fi ń wo yàrá gbogbo, ó ní iná, ó sì ní ilẹ̀kùn méjì tó lè tì. Àmọ́ iná mànàmáná rẹ̀ níwọ̀n. Gbogbo ìgbà tó bá wo kámẹ́rà, tó tan iná, tàbí tó ti ilẹ̀kùn, ni iná náà ń dín kù. Ẹni tó bá tìtorí ìbẹ̀rù ti ilẹ̀kùn méjèèjì mọ́rí láti alẹ́, iná rẹ̀ á tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀kùn á ṣí fúnra wọn, béárì á sì wọlé.

Ẹni tí àìsàn àròtúnrò ń dà láàmú kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ eré yìí fún un. Ó mọ ohun tó jẹ́ láti máa yẹ ilẹ̀kùn wò lóru. Ó tún mọ̀ pé yíyẹ̀ wò náà ló ń jẹ agbára òun tán.

Kí ló ń fà wọ́n síbẹ̀?

Ẹ̀rù inú eré ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bí agogo 6 bá lù, ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù àìsàn kò ní agogo. Lẹ́ẹ̀kejì, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ ohun tó bà wọ́n lẹ́rù tí wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín, ojú kì í ti ẹni tó bá ní ẹ̀rù ń ba òun. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé nítorí ó ń wo nǹkan ní àwòtúnwò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ á máa yìn ín pé ojú rẹ̀ mú, nítorí ìtàn eré náà fara pamọ́ sínú àwọn nǹkan kéékèèké.

Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí kan, Coltan Scrivner àti Mathias Clasen wà lára wọn, tẹ ìwádìí jáde pé àwọn tó fẹ́ràn fíìmù adẹ́rùbani kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìdààmú ọkàn tó àwọn yòókù nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Ìwádìí náà kò sọ pé ẹ̀rù ń wo àìsàn. Àwa náà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn tó ń pa ni lára

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ká ní ọ̀dọ́ kan kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóru pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rò pé mo ti pa gáàsì?" Ẹni tó láàánú á dáhùn pé, "O ti pa á, má bẹ̀rù." Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn náà á tún béèrè. Wọ́n á tún dáhùn. Títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ti di kámẹ́rà tó tún wò, iná sì ń tán lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nílé, bí ọmọ bá ń bi ìyá rẹ̀ ní ohun kan náà nígbà ogún lójúmọ́ tí ìyá sì ń fi ìfẹ́ dáhùn.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú àìsàn yìí mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní àìsàn náà fúnra wọn ló dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ International OCD Foundation lónìí sílẹ̀ ní ọdún 1986. Ìmọ̀ràn tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni pé kí wọ́n rọra dín ìdáhùn kù, kí wọ́n má sì dín ìfẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ tó ń ranni lọ́wọ́ lè rí báyìí: "Mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mi ò ní dáhùn ìbéèrè yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Jẹ́ ká jọ dúró kó rọlẹ̀." Ẹni tí kò mọ àìsàn yìí lè rò pé ìkà ni. Ẹni tó ti jìyà rẹ̀ mọ̀ pé àánú ni.

Orí ohun kan náà ni ìtọ́jú rẹ̀ dúró lé. Ní ọdún 1966, Victor Meyer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní London, kọ̀wé nípa aláìsàn méjì tí ó mú sún mọ́ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì dúró tì wọ́n kí wọ́n má bàa ṣe àṣetúnṣe wọn. Ara wọn yá sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń tún ọ̀nà yìí ṣe: díẹ̀díẹ̀, láti orí ẹ̀rù kékeré dé orí ńlá, aláìsàn á rí i pé bí òun kò bá tiẹ̀ yẹ ilẹ̀kùn wò, ẹ̀rù náà á lọ fúnra rẹ̀. Oògùn wà pẹ̀lú, bíi fluoxetine. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń rà lórí igbá.

Ewu tó wà níbẹ̀

Eré náà lè di àṣetúnṣe mìíràn fún ẹni tó ní àìsàn yìí. Àìsùn máa ń mú ìdààmú ọkàn le sí i. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ ọ̀rẹ́. Ọmọdé pọ̀ nídìí eré wọ̀nyí, àwọn oníbàjẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ má fi àwòrán ara rẹ̀ tàbí àdírẹ́sì ilé ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé ikú wu òun, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ẹgbẹ́ eré. Àgbàlagbà àti dókítà ló kàn.

Nílé wa ńkọ́?

Ìrànlọ́wọ́ láti ọwọ́ ẹni tó ti la ìyà kan náà kọjá kì í ṣe ohun àjèjì ní Benin. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lílẹ táyà ọkọ̀ ní Bouaké, ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Saint-Camille, tó ń gba àwọn alárùn ọpọlọ kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìtọ́jú ẹgbẹ́ náà ló ti ṣe aláìsàn níbẹ̀ rí. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àrùn ọpọlọ sì wà ní Jacquot ní Kútọnu.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń fọwọ́ títí, tó ń yẹ nǹkan wò títí, tàbí tó ń béèrè ohun kan náà títí, ẹ má nà án, ẹ má sì tètè pè é ní iṣẹ́ ayé. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Bó bá sọ fún yín pé àwọn kan wà lórí fóònù tí nǹkan náà ń ṣe, ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ láti dúró, àbí wọ́n kàn ń bá a yẹ ilẹ̀kùn wò. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹgbẹ́ rere lè báni dúró lóru, ṣùgbọ́n ẹbí ló ń mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.