Hotspot Fóònù Nínú Ọkọ̀ Oníná: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ọkọ̀ oníná kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó rìn. Mo fi èyí síwájú nítorí pé ohun tí àwọn tó ń ronú àtirà á kọ́kọ́ ń bèèrè nìyẹn: bí dátà bá tán lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ṣé ọkọ̀ ò ní dákú? Kò ní dákú. Mọ́tò tó ń yí táyà, bátìrì tó ń gbé e, bíréèkì, iná iwájú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àní bí ọkọ̀ ṣe ń mọ ibi tó wà, ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS ló ti ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni, kò jẹ dátà.

Ojú sikirínì ńlá tó wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù ló fẹ́ràn íntánẹ́ẹ̀tì. Orin, fídíò, àwòrán máàpù, ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti sọ́fúwíà tuntun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ń fi ránṣẹ́ látìgbàdégbà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń gbà wọlé. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ló ní síìmù tirẹ̀ nínú láti ilé-iṣẹ́ wá. Síìmù yìí kì í ṣe èyí tí ẹ lè yọ kí ẹ fi ti MTN tàbí Airtel rọ́pò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ló bá ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe àdéhùn lórí rẹ̀, òun náà ló sì ń pinnu ohun tí ẹ máa rí gbà níbẹ̀ àti iye tí ẹ máa san.

Ẹ wo ti Tesla ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 9.99 ni wọ́n ń gbà lóṣù fún ohun tí wọ́n pè ní Premium Connectivity. Ẹni tí kò bá san án ṣì ní èyí tó kéré sí i, Standard Connectivity: ọkọ̀ á júwe ọ̀nà fún un, àmọ́ síìmù inú ọkọ̀ kò ní gbé orin tàbí fídíò wá fún un, kò sì ní ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá fẹ́ ìwọ̀nyẹn, àfi kó wá Wi-Fi, yálà ti ilé tàbí ti hotspot, ìyẹn Wi-Fi tí fóònù rẹ̀ ń tú síta. Awakọ̀ á wá ro ó pé, ṣebí mo ti ń sanwó dátà lórí fóònù mi, kí ló dé tí n ó tún máa san òmíràn fún ọkọ̀? Ìrònú yẹn kò burú, kó ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni Wi-Fi ń dá padà. Àwòrán máàpù tí sátẹ́láìtì yà, àti àwọ̀ pupa tó ń fi ibi tí ọkọ̀ ti dí hàn lójú máàpù, inú Premium ni wọ́n wà. Hotspot kò ní ṣí wọn.

Ọ̀rọ̀ tiwa ní Nàìjíríà yàtọ̀. Tesla kò ní ilé ìtajà níbí. Àwọn tí ẹ ń rí ní Lẹ́kí àti Ìkòyí, ńṣe ni wọ́n kó wọn wọlé láti òkè òkun. Àdéhùn síìmù tó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà tàbí fún Ṣáínà, ti orílẹ̀-èdè yẹn ni. Bí ọkọ̀ náà bá gúnlẹ̀ sí Àpápá, kò sí òfin tó ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí dá a lóhùn. Fún ẹni tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, hotspot kì í ṣe ọgbọ́n àtiṣọ́wó ná. Bí kò bá sí Wi-Fi nílé, ó lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ rẹ̀ fi máa rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Fóònù ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lórí 4G tàbí 5G. Bí ẹ bá tan hotspot, fóònù kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú Wi-Fi síta, ọkọ̀ á sì so mọ́ ọn bó ṣe máa so mọ́ Wi-Fi ilé. Fóònù á fún ọkọ̀ ní àdírẹ́sì kékeré kan tí kò jáde kúrò láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tí ọkọ̀ bá bèèrè, fóònù á bèèrè rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Ohun tó bá dé, á gbé e fún ọkọ̀. Orí síìmù yín ni gbogbo dátà náà ti ń jáde.

Lórí ọkọ̀ Tesla, ẹ ó tẹ àmì Wi-Fi lójú sikirínì, ẹ ó mú orúkọ fóònù yín, ẹ ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ó parí. Àmọ́ ibi tó yẹ kó parí sí yìí gan-an ni ìbínú ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

iPhone kì í fi hotspot rẹ̀ síta títí bí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó. Ẹ ṣí ojú ewé Personal Hotspot sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ má pa á dé títí ọkọ̀ á fi wọlé. Bí ọkọ̀ ò bá rí i síbẹ̀, tó sì jẹ́ iPhone 12 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ni, ẹ tan Maximize Compatibility lójú ewé kan náà. Ìdí ni pé oríṣi ìgbì méjì ni Wi-Fi sábà máa ń lò. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà, 2.4 GHz kò yára tó o, àmọ́ ó ń dé ibi tó jìn, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sì mọ̀ ọ́n. Bọ́tìnnì yẹn ló ń sọ fún iPhone pé kó lo 2.4. Fún orin àti máàpù, 2.4 tó ó lò. Ti Android ní ìwà tirẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ló ní ètò kan tó ń pa hotspot fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, ẹ lè padà wá bá a pé ó ti kú. Ẹ wá ètò náà rí nínú Settings kí ẹ pa á.

Èyí tó tún ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù ni pé orin á máa kọ dáadáa nígbà tí ọkọ̀ dúró, kó sì dákẹ́ bí ẹ bá ti fi ọkọ̀ sí Drive. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́. Tesla máa ń já Wi-Fi sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá fẹ́ rìn, torí ó gbà pé Wi-Fi ilé ni, kò sì fẹ́ máa rọ̀ mọ́ ohun tó ń fi sẹ́yìn lọ. Lábẹ́ orúkọ hotspot yín nínú ètò Wi-Fi ọkọ̀, ẹ fọwọ́ sí Remain connected in Drive. Lójú tèmi, ó yẹ kí ọkọ̀ ti bi yín ní ìbéèrè yìí nígbà tí ẹ kọ́kọ́ so ó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Orin tó ń wọlé ní kílóbíìtì 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa ń jẹ 72MB ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé 1GB á gbé yín tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlá. Ìjúwe ọ̀nà kò jẹ ju ìwọ̀nba lọ. Fídíò ló ń jẹ owó. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé fídíò HD lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní Park nìkan ni Tesla ń jẹ́ kí èèyàn wò ó, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdí ṣájà, níbi tí ẹ ti ń dúró kí bátìrì kún, ni dátà yín ti máa lọ jù. Ẹ dín dídán àwòrán kù nínú áàpù náà. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ tún yẹ ìwé àdéhùn fóònù yín wò: ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní aláìlópin ló ní òpin tirẹ̀ fún hotspot, tí wọ́n á sì fa ìyára rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹ bá kọjá a.

Iná kọ́ ni ìṣòro. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bátìrì fóònù kan jẹ́ nǹkan bíi 15 Wh. Ọkọ̀ tó ní bátìrì 60 kWh lè ṣájì irú rẹ̀ kún ní nǹkan bí ìgbà 4,000. Ooru ni kí ẹ máa ṣọ́. Fóònù tó ń bá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, tó tún ń tú Wi-Fi síta, tó tún ń gba iná lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ á gbóná láìsí oòrùn rárá. Apple ní kí a máa lo iPhone níbi tí ooru kò bá ti ju 35°C lọ. Ní ọ̀sán gangan oṣù Ẹrẹ́nà ní Èkó, inú ọkọ̀ tó dúró nínú oòrùn máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn eésì ti ń fẹ́ sí i, kí ẹ sì fi wáyà ṣájì rẹ̀ dípò pátákó tí wọ́n ń tẹ́ fóònù lé, torí pátákó yẹn ń fi ooru kún ooru.

Àwọn kan ò tiẹ̀ nílò hotspot. Bí ọkọ̀ yín bá ní CarPlay tàbí Android Auto, bíi Hyundai Kona oníná tí ilé-iṣẹ́ Stallion gbé jáde ní Èkó, fóònù ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo. Ojú sikirínì ọkọ̀ kàn ń fi í hàn ni. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ máa gbọ́ orin yín. Bó bá jẹ́ CarPlay aláìlówáyà ni, Wi-Fi tí ọkọ̀ ń tú síta ni fóònù ń so mọ́, ìyẹn òdìkejì hotspot. Bí ẹ bá tún tan hotspot mọ́ ọn, àwọn méjèèjì lè máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Ibi tí hotspot kò lè dé ni mo rò pé ó yẹ kí olówó ọkọ̀ mọ̀ kó tó sọ pé òun ò ní sanwó oṣù mọ́. Áàpù tó wà lórí fóònù yín, èyí tí ẹ fi ń wo bí bátìrì ṣe kún tó, tí ẹ fi ń tan eésì sílẹ̀ kí ẹ tó jáde kúrò ní ọ́fíìsì, ìgbà tí ẹ kò sí nínú ọkọ̀ lẹ nílò rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an sì ni hotspot ti bá yín jáde. Ó jọ ẹni tó fa wáyà láti ilé aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀: iná á tàn, ó sì dáa, àmọ́ bí onílé bá ti pa á tó jáde, òkùnkùn dé. Fún ọkọ̀ tí síìmù inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí kò kàn án; Standard Connectivity ṣì ń gbé iṣẹ́ áàpù. Ọkọ̀ tí síìmù rẹ̀ ti kú ló ń pa lára. Ṣíṣí ilẹ̀kùn kò sí nínú ẹ̀ o, Bluetooth ni fóònù fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ Tesla, kò bá íntánẹ́ẹ̀tì tan.

Síìmù inú ọkọ̀ sì ń kú lóòótọ́, àní nílẹ̀ òkèèrè pàápàá. Ní 2024, Nissan pa áàpù àwọn ọkọ̀ oníná Leaf tí wọ́n ṣe ṣáájú 2016 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé 2G ni síìmù wọn ń lò, wọ́n sì ti ń palẹ̀ 2G mọ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ ṣì ń rìn geere, áàpù ló lọ. Ní Amẹ́ríkà, AT&T ti 3G pa ní oṣù Èrèlé 2022, àwọn Tesla Model S àtijọ́ tó ń lo 3G sì ní láti pààrọ̀ ẹ̀rọ inú wọn kí síìmù tó padà ṣiṣẹ́.

Ní ti sọ́fúwíà tuntun, hotspot lè gbé e, àmọ́ ó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB tàbí kó wọ GB. Gbígbà á wálẹ̀ ló nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti wálẹ̀ tán, ọkọ̀ á fi sára rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè mú fóònù yín wọlé lọ sùn. Ẹ kàn má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ní ibi tí ẹ ń sáré lọ, torí ọkọ̀ kò ní ṣeé wà títí tó fi máa parí.

Àwọn kan máa ń ra MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba síìmù tó sì ń tú Wi-Fi síta, wọ́n á kì í sínú ihò USB, wọ́n á fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pé ó di síìmù ọkọ̀ nìyẹn. Ó ń gba fóònù lọ́wọ́ ooru. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti sùn, ihò USB sábà máa ń dáwọ́ iná dúró, MiFi á lo bátìrì tirẹ̀ tán, áàpù á tún di òfo. Bí Wi-Fi ilé yín bá lè dé ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́, ẹ so ọkọ̀ mọ́ ìyẹn, kí sọ́fúwíà àti áàpù máa gba ibẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ẹ fi hotspot sílẹ̀ fún ojú ọ̀nà.