Èémí Ọmọ Tí Ìgbẹ́ Gbuuru Ń Ṣe

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe bá ń mí kíákíá, tó sì ń mí kanlẹ̀, ẹ má sáré ra oògùn ikọ́. Àwọn kan a ní ayé ló ń ṣe é, rárá o. Ìgbẹ́ yẹn ń kó bikabọ́nétì, iyọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan, jáde lára rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró sì ń fi èémí lé kíkan náà jáde. Bí dókítà bá wọn ẹ̀jẹ̀, 7,35 sí 7,45 ni ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Bó bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ó ti kan jù. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá lè mu, ẹ máa fún un lómi lọ́nà: omi sísè tó ti tutù lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.