Àáró Àwọn Asáré Kaptagat

Gbogbo wa la mọ àáró. Ẹni mẹ́fà á pa ọwọ́ pọ̀: lónìí, oko Àkànní ni wọ́n máa kọ, lọ́la, ó di ti Àlàbí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yí títí yóò fi kárí. Ẹni tó ń dá oko rẹ̀ ro lè sùn kọjá àkókò, kó ní òjò ló fẹ́ rọ̀. Lọ́jọ́ àáró ńkọ́? Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, nítorí ó mọ̀ pé àwọn kan ń dúró de òun ní oríta, àwọn tó ti bá òun kọ ebè lánàá. Ara lè máa ro ó bó ṣe máa ń ro ó. Gbèsè àti ojú ẹgbẹ́ ló gbé e dìde.

Ẹ jẹ́ kí á gbé àáró yìí lọ sí Kẹ́ńyà, sí Kaptagat, abúlé kan nítòsí ìlú Eldoret. Ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi 2,400 mítà ju ojú òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti ń sáré máratọ́ọ̀nù ní Èkó, ojú wa ti mọ́ àwọn ará Kẹ́ńyà tó ń wá gba ipò kìíní lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ pé òkè tí wọ́n ń gbé ló ń ṣe é. Òkè náà ń ṣe tirẹ̀ lóòótọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ máa ń gbára dì láti gbé èémí púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n orí òkè kan náà ni ẹni tó ń ta tíì àti ẹni tó ń da màlúù ń gbé, wọn ò sì sáré dé Èkó. Lójú tèmi, ilé tí àwọn asáré Kaptagat jọ ń gbé ló yẹ kí á wò.

Patrick Sang ni kóòṣì wọn, ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà ní Òlíńpíìkì Barcelona ní 1992. Ọmọ àdúgbò rẹ̀ kan, Eliud Kipchoge, lọ bá a pé kó sọ ohun tí òun máa ṣe kí òun lè di asáré. Sang kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì fún un. Nígbà tí ọmọ náà ṣe é tán, ó padà wá gba òmíràn. Ní 2003, ní Paris, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé ti eré 5,000 mítà, ọmọ ọdún 18 péré. Lẹ́yìn náà ló gba wúrà máratọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì. Owó dé, ilé wà, ìyàwó àti ọmọ wà nílé. Síbẹ̀, láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ilé àwọn asáré ní Kaptagat ló ń sùn nígbà náà. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó bá sì kan án, á fọ ilé ìgbẹ́ bíi gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n máa ń sáré 30 tàbí 40 kìlómítà lójú ọ̀nà erùpẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo wọn lójú kan. Bí ara bá ṣe ń gbóná ni eré á máa le. Ẹni tó bá ti kọ ebè ní àáró rí mọ bó ṣe ń rí. Olúkúlùkù ló kọjú sí poro tirẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ ọkọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì bá ìró yẹn lọ láìmọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ nísàlẹ̀ oko. Ní ti àwọn asáré, ẹsẹ̀ ni ìró náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn tún ń jèrè ohun kan: ara àwọn tó wà níwájú ń bá a gba afẹ́fẹ́.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Ní oko, mo lè bá ọ kọ ebè tìrẹ gan-an, kí o sì bá a níbẹ̀ lọ́la. Ní ti eré, kò sẹ́ni tó lè sá kìlómítà kan ṣoṣo dípò ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n ń yá ara wọn ní Kaptagat ni dídúró de ara ẹni láàárọ̀, àti ìwọ̀n eré tí ẹnì kan kò lè dá dì mú. Àǹfààní rẹ̀ sì ń kárí. Oko Geoffrey Kamworor, ọ̀kan lára àwọn asáré náà, so ní New York ní 2017 àti 2019, tó gba ipò kìíní nínú máratọ́ọ̀nù ibẹ̀. Ti Faith Kipyegon, ẹlẹgbẹ́ wọn, so ní Florence ní 2023, nígbà tó sáré 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 49, èyí tí obìnrin kankan kò tíì ṣe rí nígbà náà.

Ti Vienna ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà 2019 kọjá àáró. Ọ̀wẹ̀ gidi ni, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan. Kipchoge fẹ́ sáré máratọ́ọ̀nù, kìlómítà 42 àti díẹ̀, láìpé wákàtí méjì. Asáré 41 ló wá ràn án lọ́wọ́, méje-méje, wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: márùn-ún níwájú, méjì lẹ́yìn. Bernard Lagat wà lára wọn, ẹni ọdún 44 tó ti gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, tó wá bá àbúrò rẹ̀ gba afẹ́fẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, gbogbo wọn fà sẹ́yìn, wọ́n ń pariwo, wọ́n ní kó máa nìṣó. Wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59, ìṣẹ́jú àáyá 40. Àwọn aláṣẹ eré ìje kò kà á sí àkọsílẹ̀ àgbáyé nítorí àwọn olùrànlọ́wọ́ tó ń pààrọ̀ ara wọn yìí gan-an. Èmi ò bá wọn jà, òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó ọ̀wẹ̀ yẹn nínú eré ìje.

Ẹ̀yin tó ti ra bàtà eré tí bàtà náà sì ń gba eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta ládùúgbò. Ẹ mú ọjọ́ kan àti oríta kan. Ẹ sáré níwọ̀n tí ẹ ṣì lè fi máa bá ara yín sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu, eré ti pọ̀ jù. Bí ẹni tó kọ ebè rẹ̀ tán ti ń yíjú padà lọ pàdé ẹni tó ṣì wà láàárín oko, kí ẹni tó yára sá padà lọ pàdé àwọn tó wà lẹ́yìn, kó tún bá wọn bọ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, kò burú bí ẹ bá rin apá kan ọ̀nà náà, kí ẹ ṣáà jọ rìn ín.