Yábàá: Ẹ Má Jẹ́ Kí Owó Yàrá Dí Afẹ́fẹ́ Ilé Yín

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Anthony, tí ẹ gba títì Ìkòròdú kọjá Onípanu àti Jìbówù, ẹ ó dé Yábàá. Ọ̀pọ̀ òpópónà àtijọ́ ibẹ̀ ni ó tọ́ gbọọrọ, bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ẹwà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n là á bẹ́ẹ̀. Ikú ni wọ́n ń sá fún.

Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò tín-ín-rín tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ni ó ń kó o ran ènìyàn. Ilé há mọ́ra ní erékùṣù Èkó nígbà náà, eku sì rí ibi sá pamọ́ sí. Ní 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí à ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Yábàá ni wọ́n pín ilẹ̀ sí fún àwọn tí wọ́n ní láti kúrò ní àárín ilé híhá, kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́ mí.

Ẹ̀kọ́ gíga kò pẹ́ bá wọn níbẹ̀. Higher College bẹ̀rẹ̀ ní 1932, kí ó tó ṣí lọ sí Ìbàdàn ní 1948. Ní 1962, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Akọka, ẹ̀gbẹ́ Yábàá, ni ó fìdí kalẹ̀ sí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, onílé sì ń wá owó. Wọ́n a fi pákó pín pálọ̀ sí méjì, wọ́n a kọ́ yàrá dí ẹ̀yìnkùlé. Owó náà dára, n kò bá a jà. Owó ilé ìwé ọmọ kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìnkùlé bá ti dí, èéfín a padà sínú ilé, gọ́tà a dí, eku a sì padà wá gba ipò rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ̀yin àti baálé yín tó fẹnu kò, ẹ fi ibi tí ojú ọ̀run ti hàn sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé méjì kọjú síra nínú yàrá ọmọ. Ẹ máa gbá gọ́tà, ẹ sì máa bo oúnjẹ àti ilẹ̀ dídà mọ́lẹ̀ ní alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé gbé, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé kí ẹ tó wo pálọ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé náà dáadáa, kí ọmọ tí a sọ lórúkọ lè dàgbà nínú rẹ̀.