Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún irú ìlú bíi Komu

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2007, François Bancilhon, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Mandriva ní ilẹ̀ Faransé, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer tó ń darí Microsoft nígbà náà. Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ló bí i nínú. Orílẹ̀-èdè wa fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì ti bá Mandriva ṣe àdéhùn pé ètò Linux tiwọn ni yóò máa darí kọ̀ǹpútà náà. Iṣẹ́ ti parí, ẹrù ti fẹ́ dé, kí wọ́n tó gbọ́ pé Nàìjíríà yóò san owó Linux náà o, ṣùgbọ́n yóò pa á rẹ́, yóò sì fi Windows sí ipò rẹ̀. Bancilhon wá bi Ballmer pé kí ló ṣe fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ra nǹkan ìjọba nílẹ̀ yìí kò ní béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń gbé Komu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, lè ní kí ló kan òun nínú ìjà àwọn òyìnbó. Ó kàn án. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń du ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà lọ́dún náà. Ọ̀kan ni Classmate tí Intel ṣe, òun ni Bancilhon ń jà lé lórí. Èkejì ni XO, ìlú bíi Komu gan-an ni àwọn tó ṣe é sì ní lọ́kàn: ibi tí ẹni tó fẹ́ gba iná sí fóònù ti máa ń gbé e lọ bá oníjẹnẹrétọ̀ tàbí onísólà, tí oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí a rí ojú fóònù, tí eruku ọyẹ́ kì í sì í ṣàì wọ ibikíbi tó bá ti ní ihò.

Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n MIT ní Amẹ́ríkà, ló gbé èrò náà jáde ní ọdún 2005: kọ̀ǹpútà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. One Laptop per Child, OLPC, ni wọ́n pe ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, òun àti Kofi Annan fi àwòṣe rẹ̀ han ayé ní Tunis. Ó ní ọwọ́ kan tí wọ́n ní ọmọdé lè máa yí kí iná fi wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ náà yọ lójú gbogbo ayé níbẹ̀. Nígbà tí ojúlówó dé, wọn ò fi ọwọ́ kankan sí i lára mọ́, iye rẹ̀ sì ti sún mọ́ igba dọ́là.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, nítorí kò sí irú rẹ̀ lọ́jà nígbà náà. Kò ní fáànù, kò ní dísíìkì tó ń yí. Rọ́bà ni wọ́n fi bo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pátápátá kí eruku àti omi má baà wọlé. Ojú rẹ̀, tí Mary Lou Jepsen ṣètò, ní àwọ̀ nínú ilé. Bí o bá gbé e bọ́ sínú oòrùn, á di funfun òun dúdú, wàá sì máa kàwé lọ. Iná fóòtì 12 tó wà nínú bátìrì mọ́tò tó o. Wọ́n fi skúrù díẹ̀ pamọ́ sínú ìgbámú rẹ̀ fún ẹni tó bá sọ ti ara rẹ̀ nù.

Kí ni a ó wá fi máa darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Windows Vista tó jáde lọ́dún 2007 ń béèrè ó kéré tán 512 MB ìrántí, àti àyè 15 GB lórí dísíìkì. Gbogbo ìrántí XO jẹ́ 256 MB, gbogbo àyè rẹ̀ sì jẹ́ 1 GB. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal kọ ọ́ lọ́dún 2005 pé Steve Jobs ní òun yóò fún wọn ní Mac OS X lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ̀ ọ́. Seymour Papert, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, ṣàlàyé pé àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ kò sí ní gbangba. Àwọn kan pè é ní ìgbéraga, pé ta ló ń kọ ọ̀fẹ́? Lójú tèmi, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àkọsílẹ̀ Linux wà níta. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè gé e, kí ó lẹ̀ ẹ́, kí ó sì pín in láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gígé àti lílẹ̀ náà sì pọ̀. XO ní ẹ̀yà kékeré kan tó lè di àwòrán ojú ẹ̀rọ mú nígbà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá sùn, kí bátìrì lè pẹ́ bí ọmọ ṣe ń ka ojú ìwé kan. Linux ní láti kọ́ bí a ti ń sùn láàárín ìtẹ̀ bọ́tìnnì kan sí èkejì, kí ó sì jí kí ọmọ tó mọ̀. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Red Hat àti OLPC, tí Jim Gettys jẹ́ aṣáájú wọn nídìí sọfítíwíà, ló ṣe é. Mitch Bradley fi Open Firmware tirẹ̀ rọ́pò ètò tó máa ń jí kọ̀ǹpútà ní àárọ̀. Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá o: ètò inú ẹ̀yà Marvell tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì kiri wà ní títì, Theo de Raadt ti OpenBSD, ètò mìíràn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba, sì bú wọn gidigidi nítorí rẹ̀.

XO 300 dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Galadima, lẹ́bàá Àbújá, lọ́dún 2007. Ìròyìn tó kọ́kọ́ tàn ká ni pé àwọn ọmọ kan ń wo àwòrán ìhòòhò lórí rẹ̀. Èyí tó yẹ kó tàn ká kò tàn tó bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ náà dá ilé ìwòsàn kọ̀ǹpútà sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń tú u, wọ́n ń tún un ṣe fún ẹgbẹ́ wọn.

Ìjọba Ọbásanjọ́ ti sọ pé Nàìjíríà yóò gba mílíọ̀nù kan. Ìjọba yí padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tuntun, Igwe Aja-Nwachukwu, sọ fún BBC pé òun ò rí ìtumọ̀ kọ̀ǹpútà fún ọmọ tí kò ní àga tí yóò jókòó lé, tí kò ní aṣọ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Mo mọ kíláàsì tí àwọn ọmọ ti ń jókòó sórí ilẹ̀. Síbẹ̀ ìjọba kan náà ló ń ra Classmate 17,000 lọ́wọ́ Intel.

Ní ti Classmate yẹn, ìwádìí àwọn oníròyìn fi hàn pé Microsoft ti múra láti san $400,000 fún agbaṣẹ́ṣe tó ń kó kọ̀ǹpútà náà wá, wọ́n pè é ní owó ìpolówó. Ariwo ta. Àjọ ìjọba USPF tó ń san owó 11,000 nínú kọ̀ǹpútà náà wá sọ pé Linux ni àwọn fẹ́.

Oṣù kọkànlá ọdún 2007 yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ tó kan èdè wa jù lọ ṣẹlẹ̀. Adé Oyegbola àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ LANCOR, tó wà ní Massachusetts, ti ṣe kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n pè ní Konyin, tó ní bọ́tìnnì Shift mẹ́rin, kí Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá lè fi àmì ohùn àti ẹsẹ̀ sábẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. XO fún Nàìjíríà náà ní ẹ, ọ, ṣ lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. LANCOR ní OLPC ra Konyin, wọ́n tú u wò, wọ́n sì jí iṣẹ́ òun. Ó gbé OLPC lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. OLPC ní àwọn ò jalè. N kò lè dá ẹjọ́ náà níbí, ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́, orí ẹsẹ̀ abẹ́ ọ ni wọ́n ti wá ń na agbẹjọ́rò síra.

Lẹ́yìn náà, nǹkan tú ká ní OLPC. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008 wọ́n kéde pé Windows XP náà yóò ṣiṣẹ́ lórí XO. Walter Bender, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, ti fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ dá Sugar Labs sílẹ̀ láti máa bójú tó sọfítíwíà tí ọmọ ń lò lórí XO. Uruguay fún gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀ ní XO kí ọdún 2009 tó parí. Nàìjíríà ò ra mílíọ̀nù kankan.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn lẹ́tà Bancilhon, ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2007, Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde Android. Linux ló wà nídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀ṣun: tábúlẹ́ẹ̀tì Android, 150,000 ni wọ́n ṣètò rẹ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti wà nínú rẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ni ohun tó sún mọ́ XO jù lọ tí ilẹ̀ Yorùbá rí.

Báyìí, Linux ti wọ Komu láì gba ọwọ́ mínísítà kankan. Inú àpò àgbẹ̀ tó ń pe oníbàárà kajú ló wà, lórí fóònù Android Tecno àti Itel. Àmọ́ XO ní bọ́tìnnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe kí ọmọ lè fi wo àkọsílẹ̀ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Fóònù kò ní irú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é a ti ẹnu ọ̀nà ètò inú rẹ̀ pa, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọn kì í fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ bíi LineageOS, tó ń ṣe ẹ̀dà Android tiwọn, ń tún irú fóònù bẹ́ẹ̀ jí níbi tí ilẹ̀kùn bá ṣeé ṣí. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ní ilẹ̀ wa kò sí lára èyí tí wọ́n ń ṣe é fún. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lójú ọjà lè pààrọ̀ ojú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ àti ihò tí a ti ń gba iná sí i, kí ó sì gba owó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ètò inú rẹ̀ ló gbó, á ní kí o lọ ra òmíràn.